Ṣé kí n fi yunifásítì sílẹ̀ kí n kúkú máa ya fọ́tò mi lọ?

Àbíkẹ́yìn Onífọ́tò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Inú ló ń bí mi.

Fọ́tò ìpolówó ọjà ni mo ń kọ́ ní yunifásítì. Èrò mi nígbà tí mo wọlé ni pé inú stúdíò la ó máa wà tọ̀sán-tòru. Ìwé la bá níbẹ̀. Wọ́n ní ká kọ ojú ewé 8 lórí Daguerre àti fọ́tò orí àwo bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò, èyí tó gbé jáde lọ́dún 1839. Ẹ gbà mí, oníbàárà wo ló máa bi mí ní Daguerre?

Ìyẹn parí, ìgò ló kàn. Ìgò kan ṣoṣo! Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi ń ya ìgò tó ń dán gbinrin, tí wọ́n lẹ bébà mọ́ láyà. Mo ya tó 200. Ọjọ́ tí a gbé iṣẹ́ wá, olùkọ́ wa gbé tèmi sójú kọ̀ǹpútà níwájú gbogbo kíláàsì, ó ń fẹ̀ ẹ́, ó ń fẹ̀ ẹ́, títí ọrùn ìgò fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ó wá fi bírò tọ́ nǹkan pupa kékeré kan: "Ta nìyí?" Èmi ni. Èmi àti ṣẹ́ẹ̀tì pupa mi, a dúró sínú ìgò bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. 42 nínú 100 ló fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí kò tẹ ọgbà ilé ìwé rí, ìgbéyàwó ló ń yà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ó ti ra kámẹ́rà kejì. Tèmi, bọ́tìnì rẹ̀ ń há. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ò sì jẹ́ n sùn, ìyẹn tún lọ́rọ̀ tirẹ̀.

Iṣẹ́ gidi ni mo fẹ́ ṣe. Ilé ìwé yìí ò sì fi wá mọ ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ọdún kelòó lo wà? Ta ló ń san owó ilé ìwé? Dá wa lóhùn ká tó mọ ohun tí a máa sọ. Àti pé olùkọ́ rẹ lò ń pè ní "ó, ó" yẹn.

Sọ̀rọ̀-Sókè:
Fi í sílẹ̀ kíá! Ọdún 11 rèé tí mo ti ń ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó bi mí ní dígírì rí. Portfolio, àkójọ fọ́tò tí èèyàn ti yà, ni wọ́n ń béèrè. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà àyálò ni, màá yà lọ́jọ́ Sátidé, màá dá a padà lọ́jọ́ Àìkú, olówó kámẹ́rà á sì máa ka ìlà tó wà lára ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bóyá èmi ni mo ha á. Ibi tí mo ti ń bọ̀ nìyẹn. Ta ló kọ́ mi?

Bàbá Stúdíò:
Àbúrò, ẹ̀rín pa mí, má bínú. Gbogbo wa la ti wọnú ìgò rí. Tèmi, ṣíbí ni. Odindi stúdíò ló wà nínú ẹ̀, tòun ti àga.

Ìgò kì í gba ìmọ́lẹ̀ bí aṣọ ṣe ń gbà á. Ohun tó bá yí i ká ló máa ń gbé wọ̀. Nítorí náà, ìgò kọ́ lo máa tan iná sí. Gbé ohun funfun sẹ́yìn rẹ̀, tan iná sí funfun yẹn, kí o wá fi páálí dúdú há ìgò lọ́tùn-ún lósì, níbi tí ojú kámẹ́rà ò ti ní rí páálí. Wàá rí ìlà dúdú tín-ín-rín tó máa fa etí ìgò yọ bí ẹni lé tìróò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn dúdú lo fẹ́, yí i padà: dúdú lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, etí ìgò á funfun. Bébà àyà rẹ̀ ló tún kù, ìyẹn ń fẹ́ iná kékeré tirẹ̀ láti iwájú. Ọ̀sẹ̀ 3 ò pọ̀ jù fún gbogbo èyí.

Sọ̀rọ̀-Sókè:
Gbogbo àlàyé yìí lórí ìgò? Sún iná sẹ́yìn kó jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ á dín sí ìdajì, ó parí.

Bàbá Stúdíò:
Kì í ṣe ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ọdún 11, àbí?

Sọ̀rọ̀-Sókè:
Ojú kámẹ́rà lèmi ń wò. Bó bá dúdú, mo pọn iná sí i. Owó ń wọlé.

Àbíkẹ́yìn Onífọ́tò:
Ẹ ṣé, Bàbá Stúdíò. Olùkọ́ náà sọ ọ̀rọ̀ páálí dúdú o, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ ló bí mi nínú. Ẹ jẹ́ n tún sọ: kò yẹ kó gbé tèmi síwájú gbogbo èèyàn.

Ìyá Ìbejì:
Mo ní ọdún kelòó.

Aláwọ̀ Aró:
Èmi ò lọ ilé ìwé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì kábàámọ̀ ẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ fọ́tò ara páálí ọṣẹ fún mi. Búlúù tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi, àfi bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìgbà tí páálí ti ilé ìtẹ̀wé dé, ó ti di àwọ̀ àlùkò. Mi ò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta, RGB (pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù), ni kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwọ̀ jáde, pé yíǹkì mẹ́rin, CMYK (búlúù òféfèé, pupa rúsúrúsú, yẹ́lò àti dúdú), ni ilé ìtẹ̀wé ń lò, pé irú búlúù yẹn ò sì sí nínú yíǹkì. Oníbàárà ní èmi ni kí n san owó àtúntẹ̀. Mo san án. Ọdún yẹn náà ni ọkọ mi... ẹ jẹ́ n má dé ibẹ̀.

Sọ̀rọ̀-Sókè:
Richard Avedon, ayafọ́tò ńlá ará Amẹ́ríkà yẹn, ńkọ́? Fọ́tò ìdánimọ̀ àwọn atukọ̀ ojú omi ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1942.

Akọ̀wé:
Parí ìtàn náà. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó lọ jókòó sí kíláàsì Alexey Brodovitch, ọ̀gá dísáìnì ìwé ìròyìn. Irving Penn, ayafọ́tò ńlá mìíràn, náà, 1934 sí 1938, abẹ́ ọkùnrin kan náà ló wà nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Philadelphia.

Sọ̀rọ̀-Sókè:
Dísáìnì ni Penn lọ kọ́, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ lọ kà á dáadáa.

Akọ̀wé:
Mi ò sọ pé fọ́tò ni. Mo ní ó jókòó.

Mọ́mì Àdéhùn:
Ẹ fi àwọn ará ibẹ̀un sílẹ̀. Àbúrò, owó yíyà yàtọ̀ sí owó lílò. Fọ́tò tí wọ́n máa lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún oṣù 6 àti èyí tí wọ́n máa gbé sórí pátákó ìpolówó ojú títì fún ọdún 3, owó kan náà kọ́. Ibi tí wọ́n máa lò ó, àsìkò tí wọ́n máa fi lò ó, ohun tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú fọ́tò ìpolówó, kó fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda kó tó kúrò ní stúdíò, torí bó bá lọ tán, iye tó bá wù ú ló máa pè. Ṣé ilé ìwé rẹ ń kọ́ yín ní èyí? Bí wọn ò bá kọ́ yín, sá. Bí wọ́n bá ń kọ́ yín, jókòó.

Àbíkẹ́yìn Onífọ́tò:
Wọ́n ń kọ́ wa. Aago 8 àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Mi ò tíì débẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, nítorí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá tí mo sọ yẹn.

Ìyá Ìbejì:
Ọdún kelòó???

Àbíkẹ́yìn Onífọ́tò:
Ọdún tó kẹ́yìn ni, mà. Sáà kan ló kù.

Aláwọ̀ Aró:
Háà!

Ìyá Ìbejì:
Sáà kan! O jẹ́ kí Sọ̀rọ̀-Sókè máa pariwo láti àárọ̀ lórí sáà kan!

Sọ̀rọ̀-Sókè:
Kò sọ fún mi náà. Bó bá jẹ́ sáà kan, kó parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ò yí padà.

Bàbá Stúdíò:
Parí ẹ̀, kí o wá lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe olùrànlọ́wọ́ fún ọdún kan, méjì. Ibẹ̀ ni wàá ti rí bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nígbà tí iná kú láàárín iṣẹ́, tí fáìlì sọ nù, tí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ò sì dé. Kò sí kíláàsì tó lè kọ́ ọ ní ìyẹn.

Àbíkẹ́yìn Onífọ́tò:
Ohun tó tún bí mi nínú nìyẹn, sà. Olùkọ́ yìí kan náà ní kí n wá bá òun ṣe olùrànlọ́wọ́ níbi iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gì kan fún oṣù 2. Wọ́n máa sanwó o. Mo ní rárá, mi ò wá sí yunifásítì wá máa ru iná fún ẹlòmíì.

Mọ́mì Àdéhùn:
Jọ̀ọ́, tún un sọ.

Akọ̀wé:
"Ilé ìwé yìí ò fi wá mọ ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ gidi." Ìwọ lo kọ ọ́ lókè yẹn.

Bàbá Stúdíò:
Èèyàn mélòó ni wọ́n pè?

Àbíkẹ́yìn Onífọ́tò:
Èmi nìkan. Wọ́n ní àwọn tó kù ya 20, wọ́n gbé e sílẹ̀, pé èmi nìkan ni mo ń padà sí stúdíò lójoojúmọ́. Mo rò pé wọ́n tún ń fi mí ṣẹ̀sín ni.

Ìyá Ìbejì:
Ọjọ́ wo ni wọ́n sọ èyí?

Àbíkẹ́yìn Onífọ́tò:
Ọjọ́ Ajé.

Ìyá Ìbejì:
Òní Ọjọ́rú. Kúrò níbí, lọ bẹ̀ wọ́n.

Sọ̀rọ̀-Sókè:
Béèrè iye tí wọ́n máa san kó o tó lọ o.

Àbíkẹ́yìn Onífọ́tò:
Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní kí n wà ní stúdíò ní aago 6 àárọ̀ ọ̀la, kí n wọ aṣọ dúdú.