Láti Èkó dé Atlanta: ṣé wákàtí 7 ni àbí 12?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí Atlanta, màmá wa sì ń lọ bá wọn wẹ ọmọ lóṣù Keje. Màmá ò wọ bàálù rí. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé aago 11 alẹ́ ni wọ́n máa gbéra ní Èkó, aago 6 àárọ̀ ni wọ́n máa balẹ̀. Mo kà á, wákàtí 7. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní wákàtí 12. Èwo ni kí n gbà? Oògùn wọn ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Ṣé a sì lè gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?

Ìyá Ìbejì: 12 ni o. Aago Èkó ni 11 yẹn, aago Atlanta ni 6. Lóṣù Keje, a fi wákàtí 5 ṣíwájú wọn. Tí wọ́n bá ń lu aago 6 lọ́hùn-ún, aago 11 òwúrọ̀ ti lù ní Takié, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ká ní oṣù Kejìlá ni, wákàtí 6 ni, torí àwọn máa ń yí aago wọn padà, àwa kì í yí tiwa.

Bọ̀dá Sọjí: Ọ̀nà yẹn tó 9,400 kìlómítà. Bàálù ńlá ń sá bíi 850 sí 900 ní wákàtí kan, ẹ pín in wò. Atẹ́gùn òkè náà tún ń fẹ́ kọjú sí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Tí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ̀yìn ni yóò ti máa tì wọ́n, wọ́n á tètè dé.

Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbéra lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kúkú mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Wákàtí 3 ṣáájú ló yẹ kí wọ́n ti wà ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ jẹ́ kí wọ́n sun Èkó. Nígbà tí màmá tèmi lọ, wọ́n bọ́ bàtà nínú bàálù, wọ́n sì jókòó gbọin títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ẹsẹ̀ ti wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Sálúbàtà tí wọ́n fi ń lọ sí balùwẹ̀ nílé ni wọ́n wọ̀ jáde. Kí màmá máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa mu omi. Ẹ bá wọn béèrè kẹ̀kẹ́ arọ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù láti ìsinsìnyí, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì: Oògùn ńkọ́! Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi dókítà wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó. Kí aago ọwọ́ wọn wà lórí aago Nàìjíríà títí wọ́n á fi balẹ̀.

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kà á fún màmá. Wọ́n ní bó bá jẹ́ wákàtí 12, àwọn ò fẹ́ ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mọ́, ẹ̀bá ọ̀nà ni kí wọ́n fi àwọn sí. Mo ń pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ báyìí kí wọ́n bá wa yí i.