Ṣé jíjá ewé ló mú kí ilá mi so, àbí nǹkan mìíràn ni?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dá mi lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di àríyànjiyàn nínú ilé wa.

Mo ń gbin ilá sí ẹ̀yìnkùlé wa níhìn-ín ní Òṣogbo. À ń jẹ nínú rẹ̀, mo sì ń gbé èyí tó bá ṣẹ́kù fún obìnrin kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ìgbọ̀nà. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní 70 ọdún, gbà pé bí a bá ti ká ilá ìsàlẹ̀ igi, kí a já ewé ibẹ̀ dànù, nítorí pé ewé tó bá pọ̀ jù ni í máa jẹ oúnjẹ tó yẹ kí ilá jẹ. Ọkọ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ewé ni ìkòkò tí igi fi ń se oúnjẹ, ẹni tó bá sì fọ́ ìkòkò kò gbọdọ̀ máa retí ọbẹ̀. Èmi tí mo wà láàárín wọn pinnu láti dán an wò.

Ní ìparí oṣù kẹta, nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, mo kọ ebè gígùn méjì, mo sì gbin igi ilá 20 sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so, mo ń já ewé ìsàlẹ̀ lára àwọn ti ebè kìíní ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò sì fọwọ́ kan ewé ti ebè kejì rárá. Ní ọjọ́ méjì-méjì ni mo ń ká ilá, mo ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ebè tí mo ń já ewé rẹ̀ fún mi ní kílò 5.9, èyí tí n kò já fún mi ní kílò 4.6. Láti ìgbà náà ni Ìyá wa ti ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣé kí n máa já ewé gbogbo ilá mi láti ìsinsìnyí lọ? Ewé mélòó sì ni kí n máa já lára igi kan?

Bàbá Àgbẹ̀, Ayétòrò:

Ẹ gbọ́ ti ìyá yín. Bí àwọn òbí wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, a sì jẹ ilá yó. Èmi náà ń já a, àgàgà èyí tó bá ti ń pọ́n tó sì ń fara kan ilẹ̀.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì:

Ẹ kú làákàyè, mà. Ẹni tó bá ti lè wọn nǹkan kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ti kúrò nínú ẹni tí a ń fi ẹnu tàn jẹ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín tọ̀nà, ti Ìyá kò sì jìnnà sí i. Ewé ni ó ń fi ìtànṣán oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi ṣe ṣúgà tí gbogbo ara igi ń jẹ. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kò tíì lè bọ́ ara rẹ̀, àwọn ewé tó ti dàgbà ni ó ń bọ́ ọ. Ewé tó ti gbó, tí àwọn tó wà lókè ti ṣíji bò, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń gbé jáde mọ́, nítorí náà igi kì í ṣòfò púpọ̀ bí ó bá pàdánù rẹ̀. Ibi tí Ìyá ti ṣì í díẹ̀ ni pé ewé gbígbó kì í padà wá jẹ nínú oúnjẹ ẹlòmíràn. Bí kò bá ti lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ mọ́, yóò pọ́n, yóò sì já bọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ wo igi ilá dáadáa: ní abíyá ewé ni òdòdó ti máa ń yọ. Ewé tó wà létí ilá kan gan-an ni ó sún mọ́ ọn jù láti bọ́ ọ. Bí ẹ bá já ewé yẹn nígbà tí ilá náà ṣì kéré, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ká ilá ibẹ̀, tí ewé náà sì ti wà lábẹ́ òjìji, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ìdánwò yín ni àwọn ebè méjì yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló wà níbi ebè kìíní tẹ́lẹ̀? Èwo nínú wọn ni oòrùn ń tètè dé lówùúrọ̀? Ṣé irúgbìn kan náà ni ẹ gbìn sórí àwọn méjèèjì, tí gbogbo igi 40 sì so?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀:

Ọ̀gá, ìbéèrè yín ti jẹ́ kí ojú tì mí. Mo bi Ìyá wa, wọ́n ní ibi ebè kìíní ni ilé adìyẹ wà nígbà ayé bàbá ọkọ mi. Ebè kejì sì ni ó sún mọ́ ògiri aládùúgbò wa, oòrùn kì í dé ibẹ̀ kí agogo mọ́kànlá tó lù.

Ní ti irúgbìn, inú páálí kan náà ni mo ti mú un, àfi pé mẹ́ta kò hù lórí ebè kejì, mo sì fi irúgbìn tí Ìyá wa fi pamọ́ sínú agolo dí àyè wọn. Àwọn mẹ́ta náà ga jù mí lọ báyìí, ewé wọn tóbi bí abẹ̀bẹ̀, wọn kò sì tíì so ẹyọ kan.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì:

Ìdáhùn dé nìyẹn, mà. Irú ilá ilẹ̀ wa kan wà tí ó máa ń pẹ́, tí kì í sáré yọ òdòdó títí ojúmọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú ní ìparí ọdún. Ó dà bíi pé òun ni Ìyá ní nínú agolo wọn. Ẹ má gé e, yóò so nígbà tí tàwọn ẹlòmíràn bá ti tán, ẹ ó sì rí i tà dáadáa.

Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé igi 17 ni ó bí kílò 4.6 yẹn, kì í ṣe 20. Ẹ jẹ́ kí a pín in: ebè tí ẹ já ewé rẹ̀ fún yín ní nǹkan bíi gíráàmù 295 lórí igi kan, èyí tí ẹ kò já fún yín ní gíráàmù 271. Gíráàmù 24 ni ìyàtọ̀ tó kù, kò sì tó ilá mẹ́rin. Àlòkù ìgbẹ́ adìyẹ àti oòrùn òwúrọ̀ lè fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí pé ẹ já ewé kan. N kò sọ pé jíjá ewé kò ṣiṣẹ́ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ebè méjì yẹn kò lè sọ ọ́ fún wa.

Ìyá Tóbi, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Mo ti ń gbin ilá tà fún ọdún pípẹ́, mo sì fẹ́ fi èyí kún un: ohun tó ń dín ilá kù ju ọ̀rọ̀ ewé lọ ni ká fi ilá sílẹ̀ kó gbó lórí igi. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje tí òdòdó bá ti tú ni ilá máa ń dára láti ká. Bí ẹ bá fojú fo ẹyọ kan tó farapamọ́ sábẹ́ ewé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó èso inú rẹ̀, igi yóò gbàgbé òdòdó tuntun, yóò máa tọ́jú àgbà yẹn. Mo rò pé ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń já ewé nìyẹn, kí ojú lè rí ilá.

Ẹ wo abẹ́ ewé yín pẹ̀lú. Àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń ta pọ́ún bí èèyàn bá fọwọ́ kàn wọ́n, tí wọ́n ń lu ewé ní ihò bí ajọ̀, máa ń gbé àrùn tó ń mú kí ewé ní àmì káàkiri láti ara igi kan dé òmíràn. Bí wọ́n bá ti jẹ ìdajì ewé yín, kí lẹ tún fẹ́ já?

Ọmọ Òkèfìà:

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Kánádà, níbi tí òfin ti gba àgbàlagbà láyè láti ọdún 2018 kí ó gbin igbó díẹ̀ sílé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn. Ó ní ìjà yìí gan-an ni àwọn tó ń gbìn ín ń jà: àwọn kan ń já ewé kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ibi òdòdó ìsàlẹ̀, àwọn kan ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ igi. Igi kan sí ibí, igi kan sí ọ̀hún ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe ẹ̀rí. Òfin ilẹ̀ wa kò gbà á ní tiwa, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi mọ sórí ilá.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Mà, bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe ní òjò ìkejì, ẹ má ya ebè sọ́tọ̀ fún ọ̀nà kan. Ẹ gbin irúgbìn kan ṣoṣo, ẹ sì so àwọn igi tó wà létí ara wọn pọ̀ ní méjì-méjì, kí ìkejì lè jọ ìkíní ní ilẹ̀ àti ní oòrùn. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ so, ẹ mú kọ́bọ̀ àtijọ́ kan, ẹ ta á sókè fún méjì kọ̀ọ̀kan: bí ojú bá hàn, ẹ já ewé ti apá ọ̀tún; bí ẹ̀yìn bá hàn, ti apá òsì. Kọ́bọ̀ kò mọ igi tó sanra, ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n. Ẹ so òwú pupa mọ́ èyí tí ẹ fẹ́ já, ẹ fi àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ebè sílẹ̀ láìkà wọ́n mọ́ ìdánwò, kí ẹ sì wọn ilá igi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ewé tó wà nísàlẹ̀ ilá tí ẹ ti ká nìkan ni kí ẹ já. Ẹ fi ti òkè sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀ (oṣù kẹwàá):

Ẹ̀yin ará, mo padà dé pẹ̀lú ìwé mi. Irúgbìn NHAe 47-4, èyí tí NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ti ìjọba tó wà ní Ìbàdàn, mú jáde, ni mo gbìn ní oṣù kẹjọ, igi 40 tí mo pín sí méjì-méjì ọ̀nà 20, yàtọ̀ sí àwọn ti ìpẹ̀kun. Àwọn ìbejì ni wọ́n bá mi ta kọ́bọ̀, wọ́n sì fẹ́ máa ta á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo dé láti ọjà, mo bá Ìyá wa lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú igbá. Wọ́n ti já ewé tútù lára igi mẹ́rin tí kò ní òwú, wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ ìlasa. Wọ́n ní àwọn tó ní òwú ni àwọn rò pé mo kà léèwọ̀. Bí mo ṣe yọ méjì-méjì mẹ́rin kúrò nínú ìṣirò nìyẹn, ó ku 16.

Nínú 16 náà, igi tí mo já ewé rẹ̀ ló wúwo jù ní mẹ́sàn-án, èyí tí n kò já ló wúwo jù ní méje. Mo ta kọ́bọ̀ lásán nígbà 16 láti wo ohun tí yóò ṣe, òun náà fún mi ní mẹ́sàn-án sí méje. Ọkọ mi kò rí nǹkan fi yangàn, Ìyá wa náà kò rí. N ó máa já èyí tó bá ti ń pọ́n kí n lè rí ilá, n ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ìyá wa ní ìṣirò mi kò pé, pé ìlasa tí a jẹ náà ti inú oko wá, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣẹ́kù díẹ̀ tí wọn kò tíì sè, mo wọ̀n ọ́n: gíráàmù 310. Mo ti kọ ọ́.