Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ilẹ̀ Lárúbáwá, báwo lẹ ṣe bá ilẹ̀ ibẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ilé o. Màmá mi ń múra Hájì, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní kí n bá àwọn wádìí bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Yanrìn ṣáá ni mò ń rí nínú fọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lojú yín rí? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí o, ilẹ̀ gan-an ni mò ń bèèrè.

Àlàájà láti Ìbàdàn

Ọmọ mi, yanrìn wo? Òkúta ni! Àárín àfonífojì ni Mẹ́kà wà, òkè yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Ìbàdàn tiwa náà kún fún òkè, ṣùgbọ́n igi ń hù lórí tiwa. Ti ibẹ̀ yẹn, o ò ní rí ewé kan ṣoṣo. Mínà tí a pàgọ́ sí, òkè ló há òun náà mọ́ àárín.

Ọdún 2024 ni mo lọ, ọdún tí ooru dé 51.8 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì ní Mọ́ṣáláṣí Ńlá. Oòrùn nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Òkúta á ti mu ooru yó látàárọ̀, tí ilẹ̀ bá ṣú tán, á wá máa dá a padà sí yín lára. Tí o bá gbọ́wọ́ lé ògiri láago mẹ́sàn-án alẹ́, wàá yára gbé e kúrò. Ìjọba Sáúdì fúnra wọn sọ pé àwọn tó kú lọ́dún yẹn lé ní 1,300, àwọn tí kò gba ìwé àṣẹ Hájì ló sì pọ̀ jù nínú wọn, nítorí wọn ò rí àgọ́ tútù sá sí.

Òkúta Mẹ̀dínà tún yàtọ̀. Bí bọ́ọ̀sì wa ṣe ń sún mọ́ ìlú, ilẹ̀ dúdú kirikiri lọ rẹrẹẹrẹ, mo ní àbí wọ́n dáná sun oko ni. Àfáà wa ló là wá lóye pé iná abẹ́ ilẹ̀ ló pọ̀ ọ́ jáde. Ó ní lọ́dún 1256, ìyẹn ọdún 654 Híjírà, ilẹ̀ mì títí, iná bú jáde lápá gúúsù ìlà-oòrùn, òkúta yíyọ́ sì ń ṣàn bọ̀ níhà ìlú, ṣùgbọ́n kò wọ ìlú. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ti fi irú ilẹ̀ olókùúta dúdú méjì yẹn pààlà Mẹ̀dínà tipẹ́tipẹ́ kí iná yẹn tó sọ. Mo mú ọ̀kan lọ́wọ́ wò: ihò wínníwínní ló kún ara rẹ̀, etí rẹ̀ sì mú ṣáṣá.

Awakọ̀ ní Riyadh

Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn, kí Ọlọ́run gbà á. Ọkọ̀ ẹrù ni mò ń wà, láti Dammam létí òkun ìlà-oòrùn dé Jeddah létí Òkun Pupa, nítorí náà mo mọ ilẹ̀ yìí láti etí kan dé èkejì. Ìwọ̀-oòrùn ló ga, ó wá ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn.

Tí ẹ bá gbéra ní Dammam, ilẹ̀ ibẹ̀ àti òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ilẹ̀ iyọ̀ wà níbẹ̀ tó funfun, tó dà bí ẹni pé ó le, ṣùgbọ́n táyà tó bá yà wọ̀ ọ́ ti rì nìyẹn. Òkun ló bo gbogbo apá ibẹ̀ láyé àtijọ́, abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ náà sì ni epo rọ̀bì ńlá tí wọ́n ń pè ní Ghawar wà. Lẹ́yìn èyí lẹ máa kan Dahna, yanrìn pupa, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tó gùn ju 1,000 kílómítà lọ. Yanrìn inú fọ́tò yín rèé! Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ fi ń kọjá rẹ̀. Riyadh fúnra rẹ̀ ga tó 600 mítà, òtútù ibẹ̀ lóṣù Kìíní kì í ṣe ti eré. Tí ẹ bá jáde níbẹ̀ tí ẹ kọjú sí Mẹ́kà, ọ̀nà á já yín lulẹ̀ láti orí Tuwaiq, ògiri àpáta tó gùn tó 800 kílómítà. Mo máa ń ṣọ́ bírékì mi dáadáa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà á máa gòkè títí dé Táìfù, tó ga ju 1,700 mítà lọ. Àwọn ọlọ́lá Mẹ́kà a máa sá lọ síbẹ̀ nígbà ooru. Ọ̀nà Hada tó sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ìnàkí sì jókòó lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń dúró de ẹni tó máa ju bíríkítì sí wọn.

Ará Sudan kan tó ń gbẹ́ kànga ló sọ ìdí tí ìwọ̀-oòrùn fi ga fún mi. Ó ní Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá jẹ́ ọ̀kan náà nígbà kan, wọ́n ya, etí méjèèjì gbé sókè, omi wá bo àárín, òun ni Òkun Pupa. Wọ́n ṣì ń ya síi títí dòní, ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún.

Odò tó ń ṣàn láti ọdún dé ọdún kò sí ní gbogbo Sáúdì. Omi ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ojú ọ̀run lè mọ́ lórí yín kí òjò ti rọ̀ sórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, òkúta kì í sì í fa omi. Gbogbo rẹ̀ á ya wọ ojú ọ̀gbun gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní wádì. Ẹ̀ ń gbọ́ ìró rẹ̀ kí ẹ tó rí i, pẹ̀lú òkúta tó ń kọlu ara wọn nínú rẹ̀. Ní Jeddah lóṣù Kọkànlá ọdún 2009, ó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀gbọ́n, aginjù ńlá Rub' al Khali tí mo kà nípa rẹ̀ ńkọ́?

Awakọ̀ ní Riyadh

Àbúrò, etí rẹ̀ ni mo dé, mi ò wọnú rẹ̀, kí ni mo gbàgbé síbẹ̀? Ó tó 650,000 kílómítà níbùú lóròó, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta Nàìjíríà lọ. Òkìtì yanrìn míì níbẹ̀ ga tó 250 mítà.

Nọ́ọ̀sì ní Salalah

Ẹ̀ ń sọ ooru, aṣọ tí mo sá láti àná kò tíì gbẹ! Gúúsù Oman ni mo wà. Láti ìparí oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti Òkun Íńdíà, omi tútù tó ń ru sókè létí òkun wa á sọ ọ́ di kùrukùru, àwọn òkè Dhofar á sì dá a dúró. Òjò wẹliwẹli lójoojúmọ́. Òkè á tutù yọ̀yọ̀, màlúù àti ràkúnmí á jọ máa jẹko nínú kùrukùru. Wọ́n ń ta àgbọn tútù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ lẹ́bàá ọ̀nà, àfi bíi Badagry. Ẹ wá gun òkè náà kọjá sẹ́yìn báyìí, gbígbẹ ni, aginjù ti bẹ̀rẹ̀. Ibi gbígbẹ yẹn náà ni igi tùràrí ń hù sí.

Ẹni kan ní Dubai

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ ò parọ́ lórí omi. April 16, 2024, irú òjò yẹn, wọn ò rí i rí láti 1949 tí wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀. Bàálù ń wọ́ omi ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo bọ́ bàtà, mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun gan-an. Àlàájà, màmá ní àwọn máa gun òkè Hírà o.

Àlàájà láti Ìbàdàn

Kí wọ́n má gùn ún! Kò sí lára òpó Hájì, àtẹ̀gùn òkúta sì ni látìsàlẹ̀ dókè. Kí wọ́n wò ó látìsàlẹ̀, kí wọ́n ṣàdúà. Pápá Àráfà, tí gbogbo alálàájì ń dúró sí, tẹ́jú ní tirẹ̀, orúnkún lè gbé wọn débẹ̀. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn ni kí o rà fún wọn, kí o sì ra méjì, nítorí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni tèmi wà dòní olónìí.