Ẹ má fi tipá fa áísì, ẹ jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì yọ́ ná

Ẹ̀yin oníṣẹ́ bọ́ọ̀dù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ti láptọ́ọ̀pù màmá tíṣà kan tí wọ́n gbé wá bá mi ní Kọ̀ǹpútà Fíléèjì, Ìkejà níbí. Ṣájà ń wọlé àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kò dáhùn rárá. Mo fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, 3.3 vólì wà níbi tó yẹ kó wà, I/O ló ti kú, ìyẹn áísì (ẹ̀yà dúdú pẹlẹbẹ orí bọ́ọ̀dù) tó ń gbọ́ ti bọ́tìnnì àti kíbọ́ọ̀dù, ẹlẹ́sẹ̀ 128 ni, 32 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì 0.4 mm péré. Ẹnì kan sì ti dán an wò ṣáájú mi, igun kan ti gbé sókè, pad méjì, ìyẹn bàbà pẹlẹbẹ tí ẹsẹ̀ áísì ń jókòó lé, ti ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù. Ó dùn mí gan-an torí owó màmá yẹn ni.

Ohun tó fà á ni pé lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin yíyọ́ tí ilé iṣẹ́ fi ń jo ẹsẹ̀ áísì mọ́ bọ́ọ̀dù báyìí, òjé ò sí nínú ẹ̀ mọ́. Àtìgbà tí òfin Yúróòpù tó dí òjé lọ́nà nínú ẹ̀rọ iná ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti bọ́ sórí tíìnì, fàdákà díẹ̀ àti bàbà díẹ̀, ìyẹn ò sì ní yọ́ àfi tó bá tó bíi 217 dígírì, nígbà tí 63/37 (tíìnì 63, òjé 37) tí àwa ń rà ní róòlù ti ń yọ́ ní 183. Ẹ tún wá wo ẹsẹ̀ ground, ìyẹn ẹsẹ̀ òdì iná, bàbà fẹ̀ǹfẹ̀ inú bọ́ọ̀dù ló so mọ́ ọn, ó ń mu ooru kíkan kíkan, ẹsẹ̀ tó kù á ti yọ́ tán, ti ground á ṣì le gbagidi, tẹ́ ẹ bá fà á nígbà yẹn pad á bá a jáde.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo fi tépù kapton tí ooru kì í jó bo kọnẹ́ktọ̀ kíbọ́ọ̀dù torí ike ni, mo da flux, ohun tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì ṣàn dáadáa, sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wá fi áyọ̀nù tá a fi ń jo lẹ́ẹ̀dì fa 63/37 la orí gbogbo ẹsẹ̀ yẹn kọjá títí wọ́n fi so mọ́ra wọn. Ó máa rí jákujàku lójú o, àmọ́ iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, lẹ́ẹ̀dì méjèèjì á pò mọ́ra, ooru tó máa yọ́ ọ á wálẹ̀, á sì kárí gbogbo ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi bulówà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, mú ara bọ́ọ̀dù gbóná láti òkèèrè ná kí n tó gbé e sí 350 dígírì, mò ń yí i ká, mi ò dúró sójú kan. Nígbà tí lẹ́ẹ̀dì ń dán yinrin mo fi ẹnu twísà ta áísì yẹn fẹ́ẹ́rẹ́, ó sún, ó sì padà sáyè ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbé. Tó bá mì lápá kan tí apá kejì dúró, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún yí ooru ká.

Mo fi wick, okùn bàbà tó ń fa lẹ́ẹ̀dì mu, fa lẹ́ẹ̀dì tó kù, mo fi spirit fọ ojú ẹ̀. Pad méjì tó bàjẹ́, mo ha àwọ̀ ewé ojú ọ̀nà wọn títí bàbà fi yọ, mo fi wáyà jọ́mpà tó tín-ín-rín so wọ́n. Áísì tuntun, mo mú àmì ẹsẹ̀ kìíní bá ti bọ́ọ̀dù mu, mo jo igun méjì tó dojú kọra, flux púpọ̀, mo wá fà á lọ. Ibi tó bá so pọ̀, flux lẹ ó fi kún un, kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì, áyọ̀nù tó mọ́ á fà á kúrò. Ẹ rántí pé I/O míì ní prógráàmù nínú, ẹ kọ ọ́ sí i kẹ́ ẹ tó jo ó.

Láptọ́ọ̀pù yẹn tàn, màmá ti fi ń ṣe iṣẹ́ iléèwé wọn.

QFN, áísì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yọ síta, tí pad ground ńlá wà lábẹ́ ẹ̀ lèmi fẹ́ gbọ́ báyìí, ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ máa ń ṣe é láì ní príhítà, ẹ̀rọ tó ń mú abẹ́ bọ́ọ̀dù gbóná, báwo lẹ ṣe ń mú abẹ́ ẹ̀ gbóná?