Ṣé kí n ṣe yógà tí nǹkan oṣù bá dé, àbí kí n jókòó sílé?

Àbúrò Leeds
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń lọ sí kíláàsì yógà ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú, torí ẹ̀yìn tó ń dùn mí nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà ní ká fi èjìká dúró, ká na ẹsẹ̀ sókè, ó wá ní kí ẹni tó bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ má ṣe é, kó lọ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Èmi ń ṣe é lọ́jọ́ náà, ọjọ́ kejì ni. Ojú tì mí láti dá dùbúlẹ̀ láàárín èrò, torí gbogbo wọn á mọ̀. Mo bá gbẹ́sẹ̀ sókè.

Kò sóhun tó ṣe mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìgbà náà. Mo pe màámi ní Òṣogbo, wọ́n figbe ta: "Ẹ̀jẹ̀ á gba òkè padà o! Ṣé o ò fẹ́ bímọ ni?" Ṣé òótọ́ ni?

Èkejì, ọjọ́ kìíní tèmi máa ń le. Inú á máa run mí débi pé màá bì. Ṣé yógà lè bá mi dín in kù, àbí ńṣe ló ń dá kún un?

Ìyá Ìbejì, Peckham
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀, gbogbo wa la jọ ń rí i. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń ṣe yógà, nǹkan oṣù ò sì dá mi dúró rí, àfi pé mo máa ń yí ọwọ́ padà. Lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, n kì í lọ sí kíláàsì. Ilé ni mo ti ń ṣe tèmi, ogún ìṣẹ́jú péré, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo ní ìrọ̀rí ńlá méjì. Màá tò wọ́n gbọọrọ kí wọ́n lè gbé mi láti ìbàdí dé orí. Màá jókòó síwájú wọn, màá pa àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, màá jẹ́ kí orúnkún ṣí, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, màá wá rọra fẹ̀yìn lélẹ̀. Supta Baddha Konasana ni wọ́n ń pè é. Bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ ní kíláàsì kó má baà yọ̀. Èmi ò ra bẹ́líìtì kankan. Ìró àǹkárá tí mo fi pọn àwọn ìbejì nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ń lò. Màá ká a tẹ́ẹ́rẹ́, màá gbà á yí ìbàdí, màá mú un gba inú itan wá sábẹ́ ẹsẹ̀, màá so ó ní kókó tó rọrùn láti tú.

Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí: ẹ ká aṣọ ìnura sábẹ́ itan kọ̀ọ̀kan. Bí orúnkún bá ń fì lófo, ara á máa dì í mú, ikùn ò sì ní túra sílẹ̀ láéláé. Èmi ò mọ èyí fún ọdún kan gbáko, mo kàn ń jìyà lásán ni. Lẹ́yìn náà, kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wàá rí i tí ìsàlẹ̀ ikùn tó fún pinpin bíi gèlè tí wọ́n so jù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Tí mo bá kúrò níbẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá wá dojú bolẹ̀ lórí ìrọ̀rí yẹn náà, bí ẹni tó kúnlẹ̀ kí àgbà tó sì gbabẹ̀ sùn lọ. Ó parí.

Àǹtí Houston
Mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní yógà níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òfin yẹn ti wá. Ìlú Pune ní Íńdíà ni ilé ẹ̀kọ́ B.K.S. Iyengar, olùkọ́ yógà tó lókìkí, wà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Geeta Iyengar, tó kú ní 2018, ló gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin níbẹ̀. Lójú tiwọn, tí nǹkan oṣù bá dé, kò sí ìdúró-lórí, kò sí ìdúró-léjìká, kò sí fífún ikùn mọ́ra. Ìdùbúlẹ̀ lórí ìrọ̀rí ni, àti títẹ̀ síwájú kí orí lè sinmi lé nǹkan. Àwọn tí wọ́n tọ ọ̀nà Pattabhi Jois, olùkọ́ yógà mìíràn ní Mysore ní Íńdíà, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí obìnrin sinmi pátápátá ni wọ́n sọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé, nínú ìmọ̀ àwọn ará Íńdíà, agbára kan wà nínú ara tó ń fa nǹkan lọ sísàlẹ̀, apana ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, òun náà ló ń ti ọmọ jáde nígbà ìrọbí. Wọ́n ní ẹni tó bá dorí kodò ń bá a jà. Èrò àgbà ni, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ti pé ẹ̀jẹ̀ á gba òkè padà, kí màmá rẹ ní Òṣogbo fọkàn balẹ̀. Ilé ọmọ ló ń fún ara rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, kì í ṣe pé ó ń ṣàn bí omi inú korobá. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì máa ń gba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà padà sínú ikùn lára ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin, bí wọ́n dorí kodò, bí wọn ò dorí kodò, ara á sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀. Kí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sally Ride, tó lọ sí gbalasa òfuurufú ní 1983, àwọn ẹnjinía NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, bi í bóyá 100 támpọ̀nù (òwú tí obìnrin ń fi sínú láti gba ẹ̀jẹ̀) á tó o fún ọ̀sẹ̀ kan! Ẹ̀rù ń ba àwọn kan nígbà yẹn pé níbi tí kò ti sí òkè, tí kò sí ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dúró sínú. Rhea Seddon, tó jẹ́ dókítà tó sì lọ lẹ́yìn rẹ̀, sọ pé bó ṣe ń rí lórí ilẹ̀ náà ló rí lókè lọ́hùn-ún.

Nítorí náà, àbúrò, èyí tó o ṣe yẹn ò ba nǹkan kan jẹ́, kò sì dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Tó bá rọrùn fún ọ, ṣe é. Tó bá rẹ̀ ọ́, tí ojú ń yí ọ, fi sílẹ̀. Èmi kì í ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, torí ara mi máa ń wúwo lọ́jọ́ náà.

Ti ìtìjú yẹn ló dùn mí jù. Kò yẹ kí tíṣà mú kí obìnrin kéde ara rẹ̀. Nínú kíláàsì tèmi, mo máa ń to ìrọ̀rí sídìí ògiri kí ẹnikẹ́ni tó dé, màá sì ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ dorí kodò lónìí lọ síbẹ̀, n ò ní bi í léèrè ìdí. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ ṣe é, ẹni tó ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma kò gbọdọ̀ ṣe é, ọkùnrin wà nínú wọn. Ta ló máa wá mọ ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù? Bá tíṣà rẹ sọ ọ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Bíbì tó o sọ yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Ilé ọmọ ló ń tú èròjà kan sílẹ̀, prostaglandin, òun ló ń jẹ́ kó lè fún ara rẹ̀. Tó bá ti pọ̀ jù, ìrora dé nìyẹn. Ó tún máa ń da inú àti ìfun rú, òun ló ń fa bíbì àti inú ṣíṣí. Ibuprofen, oògùn ìrora, ń dín ṣíṣe èròjà yìí kù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn tètè lò ó bí ìrora bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe ìgbà tó bá ti gùn orí tán. Ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma), ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, kó kọ́kọ́ bi oníkẹ́míìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àgbo inú ọtí lé e lórí. Omi atalẹ̀ gbígbóná ò burú.

Yógà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti Ìyá Ìbejì dáa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rí ìrọ̀rùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi yógà bo àìsàn mọ́lẹ̀. Bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, bí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá tóbi ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, bó bá lé ní ọjọ́ méje, bí ìrora bá ń lé yín kúrò níbi iṣẹ́, ẹ lọ rí GP, dókítà àdúgbò yín. Fibroid, ìyẹn kókó tó ń hù lára ilé ọmọ, ń yọ àwa obìnrin dúdú lẹ́nu ju àwọn funfun lọ, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wa. Endometriosis náà wà, ìyẹn ni pé ara tó jọ ti inú ilé ọmọ hù sí ìta rẹ̀. Òun lè pẹ́ lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn obìnrin wa á dé iwájú dókítà, dókítà á ní báwo ni, wọ́n á dáhùn pé a dúpẹ́. Dókítà á gbà pé ara le. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì! Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń sọ fún mi pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kó tó di pé wọ́n ya àwòrán inú mi, tí wọ́n bá fibroid mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ má dúpẹ́ níwájú dókítà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì mẹ́ta: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye páàdì, iye oògùn, ọjọ́ tẹ́ ẹ pa iṣẹ́ jẹ, ọjọ́ tẹ́ ẹ bì. Ẹ gbé ìwé náà fún un. Ẹ lè ní obìnrin lẹ fẹ́ kó yẹ̀ yín wò. Ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá áyọ́ọ̀nù, èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀, ti lọ sílẹ̀, pàápàá bí ojú bá ń yí yín tẹ́ ẹ bá dìde lórí ẹní. Tí wọ́n bá fún yín ní oògùn áyọ́ọ̀nù, omi ọsàn ni kẹ́ ẹ fi lò ó. Tíì kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa.

Ọmọ Aládùúrà, Dublin
Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Nínú ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé ìsìn títí á fi wẹ ara mọ́. Yógà yìí, ṣé kì í ṣe ìsìn àwọn Híńdù?

Alhaja Luton
Àbúrò, àwa náà kì í kírun, a kì í gbààwẹ̀ lásìkò yẹn. Mo bi ara mi ní ìbéèrè yìí náà. Lára Híńdù ló ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí mò ń lọ ní gbọ̀ngàn àdúgbò wa, ara nínà àti mímí ni. Tí wọ́n bá ní ká pe "Om", ọ̀rọ̀ mímọ́ àwọn Híńdù, màá dákẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà á, kó máa ṣe eré ara nínà lásán nílé, ara ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Sisí Glasgow
Ti ìdọ̀tí aṣọ: pátá nǹkan oṣù ni kẹ́ ẹ wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò dúdú. Páàdì máa ń ká sókè tẹ́ ẹ bá yà ẹsẹ̀. Ní UK, wọ́n ti yọ VAT, owó orí ọjà, kúrò lórí páàdì láti 2021, wọ́n sì yọ ọ́ lórí pátá náà ní 2024, kẹ́ ẹ rí i pé ẹni tẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ ò gbà á. Ní Scotland tiwa níbí, òfin ti wà láti oṣù kẹjọ 2022 pé ọ̀fẹ́ ni. Ilé ìkàwé àdúgbò mi ni mo ti ń mú tèmi, ẹnikẹ́ni kì í béèrè nǹkan kan.

Bàbá Ọmọge, Milton Keynes
Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 13, ìyá rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Tí inú bá ń run ún lóru, èmi nìkan ló wà nílé. Kí ni kí n ṣe fún un?

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ ṣeun, bàbá. Rọ́bà omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀. Kó má kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, kẹ́ ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó dé e, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ wé e. Ẹ wo ara rẹ̀, lápá ọrùn: àwòrán òdòdó kan wà níbẹ̀. Nọ́ńbà àárín òdòdó náà ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Tó bá ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n ti ń lò ó, ẹ sọ ọ́ nù, rọ́bà tó gbó máa ń bẹ́, ó sì lè bó ọmọ. Kẹ́ ẹ wá jókòó tì í díẹ̀. Ọmọ ò ní gbàgbé.

Àbúrò Leeds
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ní kí n wá jábọ̀. Nǹkan oṣù dé lọ́jọ́ Àìkú. Mo mu ògì gbígbóná, mo lo ibuprofen kí ìrora tó gbóná, mo to ìrọ̀rí bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ. Ó ṣì dùn mí, ṣùgbọ́n n ò bì. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá nìyẹn.

Mo lọ rí GP pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́. Ó ní báwo ni, "a dúpẹ́" ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ní kò dáa. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, áyọ́ọ̀nù ti lọ sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ti fún mi ní ọjọ́ tí wọ́n á ya àwòrán inú mi. Mo ti ròyìn fún màámi. Wọ́n ò pariwo mọ́, wọ́n ní kí n fi bí ìdùbúlẹ̀ yẹn ṣe rí hàn àwọn lórí WhatsApp, torí orúnkún tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Ìbejì, ìró tí mo lò ń yọ̀ ṣáá ni, àǹkárá tuntun ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dìde tún un so.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọ. Táàṣì inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kó yọ̀. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú omi gbígbóná, kó rọ̀, kókó á di ara rẹ̀ mú. Kó o sì pè wá tí èsì àwòrán bá jáde.