“Àìní ẹ̀kọ́” kò lè jẹ́ orúkọ ẹ̀tọ́ ọmọ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ṣàgámù. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé, láti túmọ̀ ohun tí Òyìnbó ń pè ní “special educational needs”, kí a máa pe àwọn ọmọ tí òfin ní kí iléèwé ṣe ètò pàtàkì fún ní “ọmọ aláìní ẹ̀kọ́ pàtàkì”. Wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, mo gbà. Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti kọ́ ni “àìní ẹ̀kọ́”. Ní Rẹ́mọ níbí, ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni tí kì í kí àgbà. Ìyá tí wọ́n bá kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ọmọ rẹ̀ yóò wá bi ọ̀gá iléèwé léèrè ẹni tí ọmọ òun rí fín.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí kí wọ́n má baà fi orúkọ tàbùkù ọmọ ni àwọn Òyìnbó fi gbé ọ̀rọ̀ tiwọn kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Mary Warnock ṣe alága rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e síwájú lọ́dún 1978, òfin ẹ̀kọ́ wọn ti 1981 sì gbà á wọlé: dípò kí a máa to ọmọ sábẹ́ àléébù ara, kí a bèèrè ohun tí yóò lò kó tó lè kàwé. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba “àkàndá ọmọ” ní ìtumọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ níyì tó. Àkàndá ń sọ irú ẹni tí ọmọ jẹ́, kò sọ gbèsè tí iléèwé jẹ ẹ́.

Bí a bá fi “ìrànlọ́wọ́” túmọ̀ rẹ̀, ìyẹn náà kò tó. Ẹni tí a ràn lọ́wọ́ á dúpẹ́. Ẹni tí a kò ràn lọ́wọ́ kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀, kò sọ̀rọ̀ àánú: ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé iléèwé girama jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, ó sì ní kí iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ohun èlò tó yẹ àti, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa wọn. (Bí ẹ bá rí òṣìṣẹ́ náà ládùúgbò yín, ẹ bá mi kí i.)

Ọmọbìnrin kan wà tí mo mọ̀, tí tíṣà rẹ̀ máa ń nà torí pé “kò gbọ́ràn”. Ọjọ́ tí ìyá ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó pàtẹ́wọ́, tí ọmọ náà kò yíjú, la tó mọ̀ pé kò gbọ́rọ̀ ni. Fáwẹ̀lì kan péré ló wà láàárín méjèèjì, ọdún méjì ló sì fi jẹgba lórí rẹ̀. Ohun tó nílò kò ju ìjókòó iwájú, àti tíṣà tí yóò kọjú sí i bó bá ń sọ̀rọ̀. Aránṣọ ni ìyá àgbà náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí wọ́n sì sọ nìyí: “Ẹ kò wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rán an. Bọ́síkọ́rọ̀ lẹ wọ̀ fún un.”

Látibẹ̀ ni mo ti mú àbá tèmi, “ètò ẹ̀kọ́ àwọ̀nrán”: à-wọ̀n-rán, ohun tí a wọ̀n kí a tó rán, bí a ṣe ṣẹ̀dá àmúlò. Ó gbé iṣẹ́ náà lé ọwọ́ aránṣọ, kò dá aláṣọ lẹ́bi. Mo mọ̀ pé àwọn ará wa létí omi ní Ìwópin lè máa gbọ́ àwọ̀n ẹja nínú rẹ̀. Bó bá yọ wọ́n lẹ́nu, mo ṣetán láti sọ ọ́ di “àmúbámu”, ṣùgbọ́n n kò ní gba “àìní” padà.