Prospect of Whitby ní Wapping: kí la máa wò?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará London, mo fẹ́ mú àlejò lọ sílé ọtí àtijọ́ yìí létí odò Thames. Ìgbà wo ló dáa jù?

Ìdáhùn: Ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Wapping, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn. Láti nǹkan bí 1520 ni ilé ọtí ti wà níbẹ̀, àmọ́ iná ti jó o rí. Ilẹ̀ olókùúta pẹlẹbẹ ló ṣẹ́kù, ẹ wò ó dáadáa. Nídìí káńtà lẹ ti máa béèrè ọtí, kẹ́ ẹ sanwó lójú ẹsẹ̀.

Ìdáhùn: Àfikún sí ti ẹ̀gbọ́n: ẹ kọ́kọ́ yẹ àkókò tí odò ń fà wò. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún tó sì ń fà. Tó bá fà, àtẹ̀gùn tí wọ́n ń pè ní Pelican Stairs lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà á gbé yín dé etí omi. Ẹ rọra o! Àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Ẹ gòkè kí omi tó padà, ẹ má sì ṣa nǹkan kan níbẹ̀ láìgbàwé àṣẹ.